Ta ló nilé? Àlàyé lórí ọ̀rọ̀ Heimat, obìnrin àti àlejò nínú fíìmù Jámánì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù tí Jámánì fi ń díje fún Oscar kéde èyí tí wọ́n mú, The Seed of the Sacred Fig. Tehran ni ìtàn inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, èdè Páṣíà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti yà á ní Ìránì. Mohammad Rasoulof tó darí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ rin gba orí òkè sá kúrò nílùú rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 8 àti ẹgba fún un. Bí ìròyìn náà ṣe jáde làwọn ènìyàn ń béèrè pé: èwo ni ti Jámánì níbẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí òmíràn fi dé. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba tuntun yọ ọ̀rọ̀ "Heimat" kúrò lára orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wọ́n gbé e lọ sára ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, olórí ìjọba, Friedrich Merz, sọ gbólóhùn kan nípa àwọn aṣíkiri tó mú kí àwọn obìnrin tú jáde sí ìgboro Berlin. Lójú ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn sinimá Jámánì á rí okùn tó so wọ́n pọ̀: ta ló nilé, ta ni àlejò, àti obìnrin wo ni wọ́n ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààlà sáàárín àwọn méjèèjì.

Kí ni "Heimat" gan-an?

Ilé ni, ìlú ẹni sì ni, síbẹ̀ ó ju méjèèjì lọ. Ó sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn Yorùbá tó bá ní ilé làbọ̀ sinmi oko: ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́, tí o ò ní láti ṣàlàyé ara rẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ilẹ̀ baba, Vaterland, ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ àsíá. Heimat ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ abo nínú gírámà wọn. Oúnjẹ ìyá ló ń gbé wá sọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè abúlé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, òkè àti igbó tí èèyàn fi ṣeré ní kékeré. Nínú orin àti àwòrán, obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, yálà ìyá tó dúró sílé tàbí omidan tó wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ọkùnrin ló ń lọ sógun, òun ló ń rìnrìn àjò, òun náà ló sì ń ṣàárò.

Ìjọba Násì so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ "Blut und Boden", ẹ̀jẹ̀ àti ilẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá ṣe ti ilẹ̀ náà kò lè nílé níbẹ̀ láé. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń fi ìfẹ́ pe Heimat, ara àwọn mìíràn sì ń bù máṣọ tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Nígbà tí Horst Seehofer, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, fi ọ̀rọ̀ náà kún orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 2018, ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni òǹkọ̀wé 14 kó àròkọ jọ sínú ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pé Heimat yín ni àlá burúkú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Jámánì, tí wọ́n sì ti gbọ́ ìbéèrè "níbo lo ti wá?" títí ó fi sú wọn.

Ìgbà wo ló wọ inú fíìmù?

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú fíìmù ṣáájú ogun, àmọ́ ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló di ọjà tó ń tà wàrà. Àwọn ìlú ti di àlàpà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 12 ènìyàn tó ń sọ èdè Jámánì ni wọ́n lé tàbí tí wọ́n sá kúrò níhà ìlà oòrùn, láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Pólándì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lónìí. Nígbà tí ìrora yẹn ṣì tutù ni sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé "Heimatfilm" jáde: igbó tútù, orin, ọdún ìbílẹ̀, ìfẹ́ tó parí sí ìgbéyàwó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fíìmù ìgbádùn lásán ni wọ́n. Ẹ wo Grün ist die Heide ti 1951, tí Hans Deppe darí. Bàbá kan tó ti nílẹ̀ rẹpẹtẹ rí ní ìlà oòrùn wá di ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní àgbègbè Lüneburg. Kò lè fi ìbọn sílẹ̀, ó ń yọ́ pa ẹran nínú igbó olóko. Ọmọbìnrin rẹ̀, Helga, ló ń dọ́gbọ́n bo àṣírí rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó náà sì ni olólùfẹ́ Helga. Aṣíkiri ni bàbá yìí, tirẹ̀ náà lọmọ rẹ̀. Ọ̀nà tí fíìmù náà fi fún wọn nílé ni ọkàn ọmọbìnrin náà tó fà mọ́ ọmọ onílẹ̀. Inú ilé ọkọ ni àtọ̀húnrìnwá gbà di ará ilé, ìlànà tí Yorùbá ò ní ṣàì dá mọ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni Toxi jáde, ìtàn ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ẹbí olówó kan. Ará Jámánì ni ìyá rẹ̀, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà náà, àwọn tó dàgbà jù nínú wọn sì fẹ́ẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ni ìlú fi ń sọ nípa wọn. Nínú fíìmù yìí, ọmọ náà ń kọrin pé ó wu òun kí òun lọ sílé. Jámánì ni wọ́n bí i sí, kò sọ èdè mìíràn, síbẹ̀ orin ilé ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ní ìparí, bàbá rẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé láti wá mú un lọ. Ìfẹ́ pọ̀ nínú fíìmù náà, ó bá àwọn tó ń kórìíra ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n kò rí àyè fún un láti dúró. Ó ṣòro fún mi láti ronú kan orin yẹn kí n má dúró díẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ń pè ní "Gastarbeiter"?

Òṣìṣẹ́ àlejò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń gbèrú, ọwọ́ ò tó, ni Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn bá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Ítálì ní 1955, Sípéènì àti Gíríìsì ní 1960, Tọ́kì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1961, àti àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Ní Istanbul, dókítà máa ń yẹ ara wọn wò títí dórí eyín kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú irin. Ní 1964, wọ́n fi alùpùpù ta ẹni tó sọ iye wọn di mílíọ̀nù kan lọ́rẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin Köln-Deutz, ọmọ Pọtogí kan. Ní oṣù kọkànlá 1973 ni ìjọba dá ìgbanisíṣẹ́ náà dúró. Ọ̀pọ̀ jù lọ ti padà sílé wọn. Àwọn tó ṣẹ́ kù rí i pé táwọn bá lọ, àwọn ò ní lè wọlé mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí aya, ọkọ àti ọmọ.

Nǹkan kan wà tí sinimá kò kà sí tó: obìnrin pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Nígbà tó máa fi di 1973, nǹkan bí mẹ́ta nínú òṣìṣẹ́ àjèjì mẹ́wàá ló jẹ́ obìnrin. Àwọn kan ló kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ń to wáyà rédíò àti tẹlifíṣàn ní Berlin, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ọkọ. Nínú fíìmù, bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló wọkọ̀ ni.

Rainer Werner Fassbinder ló kọ́kọ́ gbé àlejò yìí síwájú kámẹ́rà lọ́nà tó le. Nínú Katzelmacher, 1969, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Jorgos, ọmọ Gíríìsì tó dé àdúgbò kan tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò rí nǹkan kan ṣe. Àhesọ ń lọ lórí ọkùnrin yìí àti obìnrin wọn, títí wọ́n fi lù ú. Ní 1974, Angst essen Seele auf dé. Emmi, opó tó ń fọ ilé fún ìjẹun, fẹ́ ọmọ Mòrókò kan tó kéré sí i púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin náà ní Ali, bẹ́ẹ̀ Ali kọ́ lorúkọ rẹ̀. Èdè Jámánì tí kò gún ni àkọlé fíìmù náà, bí Ali ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́: ìbẹ̀rù ń jẹ ọkàn. Nígbà tí Emmi fi ọkọ rẹ̀ han àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ gbá tẹlifíṣàn fọ́. Ohun tí Fassbinder ń fi hàn ni pé obìnrin tó bá fẹ́ àlejò ń di àlejò nílùú ara rẹ̀.

Kí ló dé tí obìnrin Tọ́kì fi máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì?

Ibí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù lọ, títí dòní. Ní 1976, Helma Sanders-Brahms ṣe Shirins Hochzeit, ìtàn ọmọbìnrin abúlé kan tó wá ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ ẹ fún wá sí Köln. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń fi obìnrin ṣòwò, ó sì kú. Àwọn ará Tọ́kì bínú sí fíìmù náà gan-an. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Tevfik Başer tó jẹ́ ọmọ Tọ́kì gan-an ṣe 40 Quadratmeter Deutschland: ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan, Turna, dé Hamburg, ọkọ rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Jámánì tí Turna mọ̀ kò ju yàrá náà àti ohun tó rí lójú fèrèsé lọ. Özay Fecht tó ṣe Turna gba ẹ̀bùn fíìmù Jámánì fún òṣèrébìnrin tó tayọ jù.

Ọ̀nà méjì ni èrò pín sí. Àwọn kan ní ìyà tí wọ́n fi hàn kì í ṣe àlá, àwọn obìnrin ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, dídákẹ́ lé e lórí sì jẹ́ pípa wọ́n tì. Necla Kelek, tó kọ̀wé lórí ìgbéyàwó tipátipá ní 2005, wà lára wọn. Àwọn mìíràn, nínú wọn ni olùwádìí 60 tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìta gbangba ní 2006, ní wọ́n ń fi ìtàn ilé díẹ̀ bu ẹ̀tẹ́ lu odindi àwùjọ, àti pé ìwé irú ti Kelek ń gbé ohun tí ìwádìí kò tì lẹ́yìn. Ti sinimá ní ẹ̀ka tirẹ̀. Owó ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù ní Jámánì. Onímọ̀ fíìmù Deniz Göktürk ti ṣàlàyé pé ètò ìnáwó yìí ti ti àwọn aṣefíìmù aṣíkiri síhà kan ṣoṣo, kí wọ́n máa sọ ìtàn ìyà àti ìjìyà, tí obìnrin Tọ́kì á sì máa dúró de ẹni tí yóò gbà á là.

Fíìmù kékeré kan dáhùn ọ̀rọ̀ yìí láìpariwo. Der schöne Tag, 2001, ti Thomas Arslan, tẹ̀ lé Deniz, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fi ohùn sí fíìmù, fún ọjọ́ kan ní Berlin. Ó já ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó rí ìyá rẹ̀, ó ń rìn ṣáá. Ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ni ìròyìn rẹ̀.

Kí ni Fatih Akın yí padà?

Hamburg ni wọ́n bí olùdarí fíìmù yìí sí, fún òbí tó ti Tọ́kì wá, ní 1973, ọdún tí wọ́n dá ìgbanisíṣẹ́ dúró gan-an. Ní oṣù kejì 2004, fíìmù rẹ̀ Gegen die Wand gba Béárì Wúrà, ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlinale, àjọ̀dún fíìmù Berlin, ẹ̀bùn tí fíìmù Jámánì kankan ò tíì gbà láti 1986. Sibel, tí Sibel Kekilli ṣe, fẹ́ kúrò lábẹ́ òrùlé òbí rẹ̀. Ó bẹ ọkùnrin Tọ́kì onímukúmu kan tí kò mọ̀ rí pé kó fẹ́ òun lórúkọ lásán. Ìgbéyàwó tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fún Helga ní 1951 ti wá di ẹnu ọ̀nà àbájáde. Istanbul ni ìtàn náà parí sí. Ọkùnrin náà wọkọ̀ lọ sí Mersin tí wọ́n ti bí i. Obìnrin náà kò bá a lọ. Ìwé ìròyìn Jámánì pe ìṣẹ́gun náà ní tiwọn, ti Tọ́kì náà pè é ní tiwọn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nínú Auf der anderen Seite, ó fi pósí méjì hàn nínú bàlúù: ti obìnrin Tọ́kì kan ń bọ̀ láti Jámánì sí Istanbul, ti ọ̀dọ́mọbìnrin Jámánì kan ń ti Istanbul lọ sílé. Hanna Schygulla, tó ti wà nínú Katzelmacher ní 1969, ló ṣe ìyá ọmọ Jámánì náà.

Àwọn adúláwọ̀ ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Èkó sì wà lára wọn. Branwen Okpako, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1969 fún bàbá ọmọ Nàìjíríà àti ìyá ará Wales, kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Berlin. Dreckfresser rẹ̀, ní 2000, sọ ìtàn Sam Meffire, ọlọ́pàá adúláwọ̀ ní Saxony tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri lẹ́yìn tí Jámánì di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìlú ti yí padà, kí òun fúnra rẹ̀ tó di ẹlẹ́wọ̀n. Ní 2003 ló ṣe Tal der Ahnungslosen. Ìnagijẹ tí wọ́n fún agbègbè Dresden nígbà ìjọba Jámánì Ìlà Oòrùn ni àkọlé yẹn, torí pé tẹlifíṣàn Ìwọ̀ Oòrùn ò dé ibẹ̀: àfonífojì àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́pàá obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n tọ́ nílé ọmọ aláìníyàá ló ń tọpa orísun ara rẹ̀ níbẹ̀, Dresden sì lorísun ọ̀hún wà. Àádọ́ta ọdún ló wà láàárín rẹ̀ àti Toxi, kò sì sí bàbá kankan tó ń bọ̀ láti òkè òkun wá mú un lọ sílé.

Sheri Hagen náà, tí wọ́n bí sí Èkó tó dàgbà sí Hamburg, ṣe Auf den zweiten Blick ní 2012, ìtàn ìfẹ́ nínú Berlin tí ọ̀pọ̀ òṣèré rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀.

Kí ni Merz sọ, kí ló sì kan fíìmù?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ó ní ìjọba ti ṣe dáadáa lórí ọ̀rọ̀ aṣíkiri, àmọ́ ìṣòro náà ṣì wà nínú "Stadtbild", ìyẹn ìrísí ìgboro, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣètò láti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Wọ́n bi í léèrè lọ́jọ́ 20 ohun tó ní lọ́kàn. Ó ní kí wọ́n lọ bi àwọn ọmọbìnrin wọn. Lọ́jọ́ kejì, èrò kún iwájú ilé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní Berlin, wọ́n ń kígbe pé àwọn ni ọmọbìnrin náà. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé pé àwọn aṣíkiri tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí wọn ò ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì pa òfin mọ́ lòun ń bá wí, àti pé Jámánì nílò òṣìṣẹ́ láti òkèèrè.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ẹ̀rù ń ba obìnrin lóòótọ́ ní ibùdókọ̀ lóru, wọ́n sì ń rántí òru ọdún tuntun ní Köln, 2015 wọ 2016, tí àwọn ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aṣíkiri, fọwọ́ kan ọgọ́ọ̀rọ̀ obìnrin láìgbàṣẹ. Àwọn tó takò ó ní inú ilé, lọ́wọ́ ẹni tí obìnrin mọ̀, ni ìwà ipá ti pọ̀ jù, àti pé kò sí béèyàn ṣe lè fojú rí ìwé ìgbélùú ní ìgboro. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń rí. Onímọ̀ àwùjọ Sara Farris ní orúkọ kan fún lílo ẹ̀tọ́ obìnrin láti ti àlejò síta: femonationalism. Ohun tó so ó mọ́ sinimá ni ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀. Láti ayé Helga ni wọ́n ti ń fi í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé. Àwọn tó jáde sí ìgboro Berlin ń bínú pé wọ́n tún fi àwọn ṣe ilẹ̀kùn láìbi àwọn.

Ṣé fíìmù Jámánì wá ni ti Rasoulof?

Ní ti owó, bẹ́ẹ̀ ni: ilé iṣẹ́ Hamburg kan wà nínú rẹ̀. Ní ti òfin Oscar, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú fíìmù kan, ìjọba Ìránì tó ju olùdarí yìí sẹ́wọ̀n ò sì lè mú tirẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ibi tó gba ènìyàn là ti di ilé rẹ̀. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní àwọn aṣefíìmù tó ń sọ ìtàn Jámánì ni wọ́n gba ààyè lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin 2025, ẹgbẹ́ tó ń fún ni ní Oscar kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹni tó bá gba ipò asásàálà ní orílẹ̀-èdè kan lè fi fíìmù rẹ̀ ṣojú orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Fíìmù náà wọ ipele ìkẹyìn, ti Bùràsíìlì ló gba ẹ̀bùn.

Ẹ wo ìtàn inú rẹ̀ náà. Lẹ́yìn ikú Mahsa Amini, ọ̀dọ́mọbìnrin tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá Ìránì lórí ọ̀rọ̀ ìborí, ní 2022, tí àwọn obìnrin ń jó ìborí ní òpópónà, bàbá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ sọ ìbọn nù nínú ilé. Ó fura sí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà ló kó wọn lọ, ibẹ̀ ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ní 2025, èyí tí Jámánì mú fún Oscar ni In die Sonne schauen ti Mascha Schilinski, tó ti gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́ ní Cannes: ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ilé oko kan ṣoṣo ní Altmark, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Èdè Jámánì ni, abúlé ni, pápá àti odò wà níbẹ̀ bíi ti fíìmù 1951. Inú ilé náà gan-an ni ewu tó ń lé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń wá.

Oṣù kan náà tí Merz sọ̀rọ̀ ni Amrum ti Fatih Akın jáde ní sinimá Jámánì. Erékùṣù kan ni Amrum, àsìkò tí ogun ń parí ní 1945 ni ìtàn rẹ̀, ìrántí ìgbà èwe Hark Bohm sì ni. Bohm ló ṣe Yasemin ní 1988, fíìmù nípa ọmọbìnrin Tọ́kì kan ní Hamburg àti ọmọkùnrin Jámánì tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bohm wá fẹ́ sọ ìtàn ilé tirẹ̀, ọmọ àwọn tó ti Tọ́kì wá ló gbé kámẹ́rà náà lé lọ́wọ́.